Ẹ má kàn máa rọ gáàsì sí éésì, ẹ wá ibi tó ti ń jò

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde torí ó ń dùn mí gan-an. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé ní Ifẹ̀ níbí, láti Lágere dé Sábó dé Modákẹ́kẹ́, ohun kan náà lẹ máa gbọ́, éésì ò tutù mọ́, yúnìtì sì ń sáré nínú mítà, wọ́n á pe oníṣẹ́, oníṣẹ́ á ní gáàsì ti lọ, á rọ òmíràn sí i, á gbowó ẹ̀. Tó bá tún di ẹ̀ẹ̀rùn míì, gáàsì á tún lọ.

Gáàsì éésì kì í ṣe pẹtiróòlù tí ọkọ̀ ń jó tán o. Inú páìpù tí wọ́n dí pa ló ti ń yí po, èyí tó lọ náà ló ń padà bọ̀. Tó bá ti dín, a jẹ́ pé ó ń jò níbì kan nìyẹn. Kí oníṣẹ́ yín fi ìfófòó ọṣẹ sójú ibi tí wọ́n ti so páìpù pọ̀, ibi tó bá ti ń yọ fófòó ló ti ń jò, kó dí i, kó fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde kó tó fi gáàsì sí i, kó sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n kọ sára ẹ̀rọ gan-an, R22 ni àbí R410A. Gáàsì R600a tó wà nínú ọ̀pọ̀ firíìjì tuntun máa ń gbaná, ẹ ṣọ́ra fún un dáadáa.

Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, gáàsì ò ṣe nǹkan kan, eruku ọyẹ́ ló dí fíltà pa, ìyẹn asẹ́ tó ń gba eruku nínú éésì. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi omi fọ̀ ọ́, ẹ sá a síbi tí oòrùn ò sí, ẹ dá a padà, ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ agbára iná sọ pé tí èèyàn bá pààrọ̀ fíltà tó dí, iná tí éésì ń jẹ lè fi ìdá 5 sí 15 nínú 100 dín kù. Ẹ wá rò ó wò, ní April 2024 wọ́n gbé owó iná àwọn Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kó máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́, lọ sí ₦225 lórí yúnìtì kan, ta ló lówó tó fẹ́ fi bọ́ eruku? Apá éésì tó wà níta náà ńkọ́, tí ewé àti ìdọ̀tí ti bò, báwo looru ṣe fẹ́ jáde níbẹ̀? Àwọn kan á tún fi rìmóòtù tẹ éésì sí 16 pé kó lè tètè tutù, kò lè yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó kàn máa pẹ́ kó tó sinmi ni.

Àwọn ìyá wa tó ń ta ẹja tútù ló ń dùn mí jù, torí èrè wọn ni fírísà ń jẹ. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ sún un kúrò lára ògiri, kẹ́ ẹ sì fi owó bébà há ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀, kẹ́ ẹ tì í, tówó yẹn bá rọra yọ wọ́ọ́rọ́, rọ́bà ẹ̀ ti kú nìyẹn, ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

Olóòtú, kí ọyẹ́ tó dé, ẹ bá wa wá oníṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe, kó máa dáhùn ìbéèrè àwọn òǹkàwé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi àwòrán sí i káwọn tí ò mọ̀wé kà náà lè rí i.

Èmi òǹkàwé yín,
Lágere, Ilé-Ifẹ̀.