Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́, kí ó tó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sí Bretagne, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé

Àbẹ̀kẹ́, àbúrò mi,

Ó dùn mọ́ mi pé o ti ra kẹ̀kẹ́ tó bá ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́ mu, àti pé etí odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ láti Nantes lọ sí Brest ni o fẹ́ fi ṣí i. Ire lo yàn. Omi wà lápá kan, igi wà lápá kejì, mọ́tò kan kì í bọ̀ lẹ́yìn rẹ. Ṣùgbọ́n àwọn tó sọ fún ọ pé ọ̀nà pẹrẹsẹ kì í rẹni kò sọ ọ́ tán. Ọ̀nà pẹrẹsẹ ní àárẹ̀ tirẹ̀. Ẹni tó ń gun òkè á sọ̀ kalẹ̀ láìpẹ́. Bó bá ti ń sọ̀, ẹsẹ̀ á dúró, ìdí á kúrò lórí ìjókòó, ẹ̀jẹ̀ á ráyè ṣàn. Létí omi, kò sí ibi tí kẹ̀kẹ́ ti ń yí fúnra rẹ̀. Ẹsẹ̀ ń wà á láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ kò kúrò lójú kan, ìdí kò kúrò lójú kan. Tó bá di ọjọ́ kẹta, ọmọńdinrín àti ìka tó tẹ̀ lé e á kú tipiri, awọ ìdí á bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ohun tó ń dá ènìyàn padà lójú ọ̀nà yìí nìyẹn.

Ibodè omi ni kí o fi ṣe aago. Napoleon, olórí ilẹ̀ Faransé nígbà náà, ló pàṣẹ ní 1811 pé kí wọ́n gbẹ́ odò náà, nítorí pé ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti dí ojú òkun, ó sì fẹ́ kí ẹrù máa gba inú ilẹ̀ dé èbúté ogun tó wà ní Brest. Ọdún 1842 ni gbogbo rẹ̀ tó ṣí. Kìlómítà 364 ni, wọ́n sì fi so àwọn odò bí Erdre, Oust, Blavet àti Aulne pọ̀. Nítorí pé omi kì í gun òkè, wọ́n kọ́ ibodè 238 tí ọkọ̀ fi ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Écluse ni wàá rí lára pátákó wọn. Ní ibodè kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà etí omi á ṣàdédé ga tàbí lọ sílẹ̀ ní bíi mítà méjì sí mẹ́ta. Ibẹ̀ ni kí o ti dìde dúró lórí pẹ́dà, kí o gbọn ọwọ́ kan, kí o gbọn èkejì, kí o mu omi, kí o sì yí ibi tí o ti di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú padà. Má fo ọ̀kankan, kódà bí ara rẹ bá ṣì le.

Ìdí rèé tí ibi tó dà bí ẹni rọrùn jù lójú máàpù fi ń dun ara jù. Láàrin Pontivy àti Rohan, ibodè lé ní 50 láàrin kìlómítà bíi 25: ìsinmi kò jìnnà síra. Ṣùgbọ́n láti Redon lọ sí Nantes, nǹkan bíi kìlómítà 100, ibodè kò pé ogún. Ní agbègbè Guenrouët, o lè wa kẹ̀kẹ́ ju kìlómítà 10 lọ láìrí ẹyọ kan. Níbẹ̀, jẹ́ kí fóònù rẹ máa dún ní ogún ìṣẹ́jú sí ogún ìṣẹ́jú. Kìlómítà 60 sí 70 lójúmọ́ tó. Láti Roscoff, èbúté tí wàá ti bẹ̀rẹ̀, dé Nantes jẹ́ bíi kìlómítà 380 sí 400, nítorí náà ọjọ́ mẹ́fà ni kí o yọ sílẹ̀ fún un, má ṣe mẹ́rin.

Kí n wá sọ ti táyà, nítorí ibẹ̀ ni ìdajì ìrora ọwọ́ ti ń wá. Táyà tó fẹ̀ tó mílímítà 40, tí àárín rẹ̀ dán díẹ̀, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní kókó, ló bá ilẹ̀ náà mu. Bí ìwọ àti ẹrù rẹ bá tó kílò 80, fẹ́ ti iwájú dé psi 32, ti ẹ̀yìn dé 36, kí o má sì kọjá iye tí wọ́n kọ sára táyà àti ríìmù. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn fẹ́ ẹ le gbagidi bíi ti kẹ̀kẹ́ ojú títì. Táyà tó le jù kì í tẹ̀ mọ́ òkúta, ńṣe ló ń ta lórí rẹ̀, gbogbo ìtasókè náà ló sì ń gba ọwọ́ rẹ kọjá. Tó bá sì rọ̀ jù, etí òkúta tí wọ́n fi tẹ́ ẹsẹ̀ ibodè á gbá ríìmù, bí o bá gbọ́ "gbà!" lábẹ́ rẹ, fi psi 3 kún un.

Bí táyà rẹ bá jẹ́ ti aláìní túùbù, da oje funfun inú rẹ̀ tó mílílítà 60 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí o sì yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó kúrò nílé, torí ó máa ń gbẹ láàrin bí oṣù mẹ́ta. Ẹ̀gún ni ọ̀tá ọ̀nà náà. Àwọn àgbẹ̀ máa ń fi ẹ̀rọ gé igi ọgbà wọn, ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún á sì já sójú ọ̀nà. Bí ẹ̀gún bá wọlé, fà á yọ, yí táyà kí ojú ihò wà nísàlẹ̀, kí oje rí i dí. Bí ihò bá tóbi, fi okùn rọ́bà dí i. Mú túùbù kan dání síbẹ̀. Kí o tó ti túùbù bọ inú táyà, fi ìka pa inú táyà náà yíká pẹ̀lú sùúrù: ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi túùbù tuntun sórí ẹ̀gún àtijọ́ mẹ́ta tí oje ti ń dí tẹ́lẹ̀, kò sì ní tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí yóò fi jò. Fọkanáísà kò sí nítòsí níbẹ̀, Àbẹ̀kẹ́. Ìwọ ni fọkanáísà.

Òjò Bretagne kò ní àkókò. Iyanrìn tí wọ́n tẹ̀ pọ̀ sójú ọ̀nà náà á di ẹ̀kọ tó ní òkúta nínú, á lẹ̀ mọ́ ṣéènì àti bíréèkì, á sì máa lọ̀ wọ́n bí ọlọ. Epo ṣéènì tó jẹ́ ti ojú ọjọ́ òjò ni kí o gbé. Lálẹ́, da omi ìgò kan sí ṣéènì, nù ún, kán epo sí oríkèé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o wá nu gbogbo epo tó kù lóde kúrò, torí epo òde ló ń gbá iyanrìn mọ́ra. Páàdì bíréèkì tí irin wà nínú rẹ̀ ń pẹ́ ju èyí tó rọ̀ lọ nínú ẹrọ̀fọ̀. Mú ìṣọwọ́ kan dání, kí o pààrọ̀ rẹ̀ kí ó tó kù mílímítà kan.

Ọ̀nà fúnra rẹ̀ kò le láti mọ̀. Ọkọ̀ ojú omi láti Plymouth á gbé ọ dé Roscoff. Láti ibẹ̀ dé Morlaix, bíi kìlómítà 28, ọ̀nà ìlú kéékèèké ni, ó ní òkè, mọ́tò sì ń kọjá, ṣọ́ra níbẹ̀. Lẹ́yìn Morlaix, ojú irin àtijọ́ ni wàá gbà dé Carhaix. Wọ́n ti hú irin rẹ̀. Nítorí pé ọkọ̀ ojú irin kì í lè gun òkè ṣóńṣó, ìgòkè náà gùn ṣùgbọ́n kò le. Lẹ́yìn Carhaix lo máa tó bá omi pàdé, ibi tí mo sì fẹ́ràn jù kò jìnnà: kòtò ńlá Glomel, tó gùn ju kìlómítà 3 lọ, tí àwọn ẹlẹ́wọ̀n fọwọ́ gbẹ́ láti 1823 sí 1832. Wa kẹ̀kẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ níbẹ̀.

Má bẹ̀rù nígbà tí omi bá sọnù mọ́ ọ lọ́wọ́ lẹ́yìn Bon-Repos. Ìdídò Guerlédan, tí wọ́n kọ́ láàrin 1923 àti 1930, ló bo ibodè 17 mọ́lẹ̀. Ojú irin àtijọ́ ni ọ̀nà tún gbà lókè adágún náà títí dé Mûr-de-Bretagne, kí ó tó padà sétí odò Blavet. Òkè tí àwọn eléré ìje kẹ̀kẹ́ Tour de France ń gùn ní Mûr kò sí lójú ọ̀nà rẹ, bí o kò bá wá a lọ.

Afẹ́fẹ́ níbẹ̀ sábà máa ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn, ẹ̀yìn rẹ ló sì máa wà. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rọ̀ ọ́ láti ti Nantes bẹ̀rẹ̀.

Oúnjẹ gba ọgbọ́n. Ilé ìtajà abúlé máa ń tì lọ́sàn-án, láti nǹkan bí aago méjìlá ààbọ̀ títí di méjì tàbí mẹ́ta. Ọ̀sán Sunday, gbogbo rẹ̀ ló kú. Ọ̀pọ̀ ilé búrẹ́dì kì í ṣí ní Monday. Ra búrẹ́dì kí ó tó di aago méjìlá lójoojúmọ́. Ní ti omi, wá itẹ́ òkú abúlé: ẹ̀rọ omi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ "non potable" sí i, má mu ún. Omi odò kò ṣeé mu rárá.

Òfin wọn ni pé kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ ní agogo àti iná iwájú àti ẹ̀yìn. Bí ilẹ̀ bá ṣú lẹ́yìn odi ìlú, ẹ̀wù tó ń tàn yòò di dandan. Yọ nǹkan etí rẹ: owó ìtanràn rẹ̀ jẹ́ yúrò 135, yàtọ̀ sí pé o kò ní gbọ́ apẹja tó ń kígbe pé o fẹ́ gun ọ̀pá ìpẹja rẹ̀, torí wọ́n sábà máa ń tẹ́ ẹ dábùú ọ̀nà. Dín eré kù, kí wọn pé "Bonjour", dúró de ẹṣin.

Bí páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lo ń lò, ìwé ìgbé ìlú ọba kò tó. Físà Schengen, tí wọ́n fi ń wọ Faransé, ni wàá gbà, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní kùtù. Má sì kó ẹran tàbí wàrà dání láti Lọ́ńdọ̀nù. Láti 2021 ni wọ́n ti lè gbà á lọ́wọ́ rẹ ní ẹnu ibodè ilẹ̀ Faransé, kílíṣí wà nínú rẹ̀.

Ní ibodè Quiheix, odò tí wọ́n gbẹ́ á wọ odò Erdre, wàá sì gba ọ̀nà kéékèèké wọ Nantes. Ọkọ̀ ojú irin TER tó ń lọ sí Rennes àti Saint-Malo ń gba kẹ̀kẹ́ (wò ó ṣáájú bóyá ó gba kí o kọ orúkọ sílẹ̀), ọkọ̀ ojú omi sì ń ti Saint-Malo lọ sí Portsmouth.

Ṣùgbọ́n kí o tó wọ ọkọ̀, lọ sí Quai de la Fosse. Nantes ni èbúté tó rán ọkọ̀ òwò ẹrú jáde jù ní ilẹ̀ Faransé. Ní 2012 ni wọ́n ṣí ibi ìrántí kan sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ri dígí 2,000 mọ́ ilẹ̀: orúkọ ọkọ̀ àti ọjọ́ tó gbéra wà lára 1,710, orúkọ èbúté àti ibùdó òwò wà lára 290. Ọkọ̀ láti Nantes máa ń dé Ouidah, ní ilẹ̀ Benin òde òní, níbi tí wọ́n ti ta ọ̀pọ̀ Yorùbá kọjá òkun. Sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, máa tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, kí o kà wọ́n.

Ẹ̀gbọ́n rẹ.