Lẹ́tà Táàmù Kejì sí Àwọn Òbí: Ẹ Jẹ́ Kí Kọ́kọ́rọ́ Ọmọ Yín Wà Lọ́wọ́ Ọmọ Yín

Ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà Ilé-ìwé,
Èbúté-Mẹ́tta, Èkó.

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. À á ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé pẹ̀lú àlàáfíà. Inú wa dùn pé àwọn ọmọ padà dé láyọ̀, títí kan àwọn tó lọ bá ìyá àgbà ṣọdún nílé. Owó ilé-ìwé kò yí padà. Ìsinmi ìdajì táàmù yóò bọ́ sí ọ̀sẹ̀ keje. Aago méje ààbọ̀ ni a ń ti géètì. A mọ bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà Herbert Macaulay ṣe máa ń rí láàárọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè máa lé wọn jáde nílé. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ gan-an ló kù yìí: àwọn ohun ọ̀fẹ́ orí fóònù àti kọ̀ǹpútà, àti bí ímeèlì, páswọ́ọ̀dù àti láìnì ọmọ yín, tí mo pè ní kọ́kọ́rọ́, yóò ṣe wà lọ́wọ́ ọmọ fúnra rẹ̀. Mo bẹ̀ yín kí ẹ kà á dé ìsàlẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin kan tó ti jáde níbí wọ ọ́fíìsì mi pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Ọmọ náà ṣe dáadáa ní JAMB, yunifásítì sì ti fún un láàyè. Ṣùgbọ́n kí àyè náà tó di tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ wọlé sórí ìkànnì JAMB, níbi tí wọ́n ń pè ní CAPS, kó tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà. Kò rí i wọ̀. Ímeèlì tó wà níbẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ló ṣí i fún un ní wàràwàrà. Nọ́ńbà fóònù ara rẹ̀ ló fi sí i, ó kọ páswọ́ọ̀dù sórí bébà kékeré kan, ó nà án sí bàbá. Bébà ti sọnù. Wọ́n padà lọ síbẹ̀, ṣọ́ọ̀bù ti di ibi tí wọ́n ti ń gẹrun. Wọ́n pe nọ́ńbà, kò lọ. Bàbá náà jókòó síwájú mi, fìlà rẹ̀ wà lórí itan, ó ń sọ ọ́ lásọtúnsọ pé, "Mo sanwó o, mà. Mo sanwó fún un." Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi sáré sókè sódò kí ọ̀rọ̀ náà tó yanjú. Mi ò lè gbàgbé bí ojú ọmọ yẹn ṣe rí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà.

Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n sanwó fún, ọ̀fẹ́ ni. Gmail kò gba kọ́bọ̀. Ṣíṣí i kò gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, fóònù tó sì lè ṣe é wà lọ́wọ́ bàbá yẹn bó ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀. A kì í wà létí odò ká máa fi itọ́ bọ́jú.

Ẹ̀yin òbí SS3, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín lójú ẹsẹ̀, nítorí ìforúkọsílẹ̀ UTME, ìdánwò JAMB tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì, ti súnmọ́lé. Kí ọmọ tó dé ibi tí wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ti ní NIN. Láti orí láìnì fóònù tirẹ̀, yóò tẹ NIN, yóò fi àyè kan sílẹ̀, yóò tẹ nọ́ńbà 11 náà tẹ̀ lé e, yóò sì fi ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019. Kí owó díẹ̀ wà lórí láìnì náà o. Profile code, nọ́ńbà tí yóò fi forúkọ sílẹ̀, ni wọn yóò fi dá a lóhùn. Láìnì kan fún ọmọ kan ni, ẹ má retí pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yóò jọ lo ẹyọ kan. Láìnì yẹn ni JAMB yóò mọ̀ mọ́ ọmọ náà láti ọjọ́ yẹn lọ, nítorí náà ẹ má fi ti aládùúgbò ṣe é, ẹ má sì fi ti ẹni tó ń bá yín tẹ̀ ẹ́ ṣe é.

Ímeèlì, orúkọ tó wà lórí NIN ni kí ọmọ fi ṣí i, nítorí ibẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti ibi iṣẹ́ yóò ti máa kàn sí i lọ́jọ́ iwájú. Nọ́ńbà ìyá tàbí ti bàbá ni kí ẹ fi sí ibi tí wọ́n ti ń béèrè nọ́ńbà tí a ó fi gbà á padà bí wàhálà bá ṣẹlẹ̀. Páswọ́ọ̀dù kò gbọdọ̀ jẹ́ ọjọ́ ìbí, kò gbọdọ̀ jẹ́ 12345678. Gbólóhùn gígùn kan tí ọmọ nìkan mọ̀ sàn ju ọ̀rọ̀ kúkúrú lọ. Kó kọ ọ́ sínú ìwé kan, kí ẹ tọ́jú ìwé náà sọ́dọ̀ ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ̀. Àwọn kan yóò ní a kì í kọ páswọ́ọ̀dù sílẹ̀. Ní tèmi, olè orí íntánẹ́ẹ̀tì kò ní wá tú àpótí aṣọ yín nílé. Ìgbàgbé ló ń fi ojú àwọn ọmọ wa rí màbo jù.

Nǹkan kejì tó ń gba owó lọ́wọ́ yín ni skánínì. Ìyá kan tó ń ta ẹja ní ọjà Òyìngbò wá rí mi lọ́jọ́ kan, wọ́n ní àwọn ń lọ san owó kí wọ́n lè bá àwọn sọ ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ọmọ di PDF. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin lọ́dún yẹn nìyẹn, ìwé kan náà. Mo ní kí wọ́n jókòó. A ṣí Google Drive, ibi tí Google ń bá èèyàn tọ́jú ìwé pamọ́ sí, tó ti wà lórí fóònù wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á, tí wọn kò fọwọ́ kàn án rí. A tẹ àmì àròpọ̀ tó wà nísàlẹ̀, a yan Scan. A tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, kí òjìji ọwọ́ má baà bò ó. Fóònù fúnra rẹ̀ wá etí ìwé náà kàn, ó gé tábìlì dànù, ó sọ bébà tó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ di funfun. Ìyá wo ojú fóònù, wọ́n wo ìwé, wọ́n tún wo fóònù. "Ó ti parí nìyẹn?" Ó ti parí. Láti ọjọ́ yẹn, ibi kan náà ni ìwé yẹn wà, ìgbàkígbà tí wọ́n bá sì béèrè rẹ̀, WhatsApp ni wọ́n fi ń fi ránṣẹ́ láti ìdí ìsọ̀ wọn.

Mi ò bá àwọn oníbísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà jà. Ọmọlúàbí ni púpọ̀ nínú wọn, ọ̀dọ̀ wọn náà la ó ṣì máa tẹ bébà jáde. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: gbogbo ìgbà tí ẹlòmíràn bá bá yín skáànù ìwé NIN ọmọ yín, ẹ̀dà kan lè kù sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ta ló ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yẹn tí ẹ bá ti lọ tán? Àyè GB 15 ni Google ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́fẹ̀ẹ́, Gmail, Drive àti fọ́tò ló jọ ń pín in. Ìwé gbogbo ọmọ yín kò lè gba ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Fídíò òde àríyá ló máa ń jẹ ẹ́ tán.

Fún ẹni tó ní kọ̀ǹpútà nílé, ẹ má ra Office ayédèrú tí wọ́n ń kó fáírọ́ọ̀sì sínú rẹ̀. LibreOffice la ń lò ní yàrá kọ̀ǹpútà wa. Láti 2010 ló ti wà, ọ̀fẹ́ ni, ó ń kọ lẹ́tà, ó ń ṣe ìṣirò owó, ó sì ń ṣí fáìlì Word.

Ẹ̀kọ́ gan-an ńkọ́? WAEC ní ìkànnì ẹ̀kọ́ kan tí ọ̀pọ̀ òbí kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Lẹ́yìn ìdánwò, olórí àwọn tó ń máàkì máa ń kọ ìròyìn lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń gbé e síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́: ìbéèrè, ìdáhùn tó yẹ, àti ibi tí àwọn ọmọ ti kọsẹ̀. Ìwé ìbéèrè àtijọ́ tí ẹ ń rà lójú títì kò ní ẹ̀ka ìkẹyìn yìí, bẹ́ẹ̀ òun ló níye lórí jù. Bí ẹ bá ka ìròyìn ti Mathematics, ẹ ó rí i pé kì í ṣe àìmọ̀ lásán ló ń mú ọmọ fìdí rẹmi. Àìka ìbéèrè yé ni, tàbí fífo ìgbésẹ̀ tí wọ́n ń fún ní máàkì.

Ti JAMB, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é láti 2015. Ìbéèrè 180 ni ní wákàtí méjì: 60 fún èdè Gẹ̀ẹ́sì, 40 fún ẹ̀kọ́ mẹ́ta yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ pín in, ìṣẹ́jú-àáyá 40 péré ló kan ìbéèrè kan. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ibi tí máòsì wà lọ́jọ́ ìdánwò ti pàdánù mẹ́wàá kó tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, yàrá kọ̀ǹpútà wa yóò máa wà ní ṣíṣí fún SS3 di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lójoojúmọ́.

Fún àwọn kékeré, mo fẹ́ràn Khan Academy. Ní 2004, Salman Khan, ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ ìbátan rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Nadia ní ìṣirò láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn ẹbí yòókù gbọ́, wọ́n ní kó kọ́ tàwọn náà. Ó di fídíò, ó di ilé-ẹ̀kọ́ tí gbogbo ayé ń wọ̀ láìsanwó. Fún ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, PhET ni, àwọn eré sáyẹ́ǹsì orí íntánẹ́ẹ̀tì ti Yunifásítì Colorado. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ JSS3. Nínú rẹ̀, ọmọ yóò fi ìka fa bátìrì, wáyà àti gílóòbù pọ̀, yóò sì máa rí iná mànàmáná bó ṣe ń rìn bí ìlẹ̀kẹ̀ nínú wáyà. Ọ̀kan nínú wọn so wáyà láti orí bátìrì sí ìdí bátìrì láìfi gílóòbù sáàárín, iná sọ lórí bátìrì náà lójú fóònù, gbogbo kíláàsì pariwo. Wọn ò ní gbàgbé ohun tí a ń pè ní short circuit mọ́ láyé. Ilé-ìwé kò jó, bátìrì kankan kò ṣòfò.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ: ọ̀fẹ́ yìí ń jẹ dátà. Òótọ́ ni, fídíò pàápàá. Ọgbọ́n tí a dá sí i ni pé a fi Kiwix, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tó ń gbé odidi ìkànnì pamọ́, gbé Wikipedia Yorùbá sórí kọ̀ǹpútà ilé-ìwé, àyọkà tó lé ní 30,000, ó sì ń ṣí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Àwọn eré sáyẹ́ǹsì PhET náà ṣeé gbé bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá mú mẹ́mórì káàdì wá, a ó dà á kọ fún un.

Olùkọ́ Yorùbá wa ní kí n má gbàgbé ọ̀rọ̀ tòun. Àwọn ọmọ ń kọ ọkọ láìsí àmì, a kò wá mọ̀ bóyá ọkọ ìyàwó ni, tàbí ọkọ́ tí a fi ń ro oko, tàbí ọkọ̀ tí a wọ̀ wá sílé-ìwé, tàbí ọ̀kọ̀ tí ọdẹ fi ń gún ẹran. Gboard, pátákó ìtẹ̀wé Google tó wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, ní bọ́tìnnì Yorùbá. Ẹ wọ ibi ètò rẹ̀, ẹ fi Yorùbá kún èdè tó wà níbẹ̀, kí ọmọ tẹ lẹ́tà mọ́lẹ̀ díẹ̀, àmì yóò yọ. Láti táàmù yìí, àròkọ Yorùbá tí kò bá ní àmì ohùn yóò pàdánù máàkì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè, bíi ChatGPT. Kí ọmọ ní kó ṣàlàyé ohun tí kò yé e, a fara mọ́ ọn. Kó ní kó bá òun kọ iṣẹ́ àṣetiléwá, a kò gbà. Olùkọ́ yóò pe ọmọ dìde pé kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó kọ, ibẹ̀ la ó ti mọ̀.

Ọ̀fẹ́ kan tún wà tí í ṣe ìwọ̀ ẹja. Àtẹ̀jíṣẹ́ tó ní "dátà ọ̀fẹ́", tó ní kí ẹ fi ránṣẹ́ sí èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó rí i gbà, irọ́ ni. Ìkànnì ọ̀fẹ́ tó ń béèrè nọ́ńbà ATM tàbí BVN yín, ẹ jáde níbẹ̀. Ọ̀kan nínú yín kan fún ẹnì kan ní nọ́ńbà mẹ́fà tó wọlé sórí fóònù rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, kí ilẹ̀ tó ṣú wọ́n ti gba WhatsApp rẹ̀, wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ yáwó lọ́wọ́ àwọn òbí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ wọ Settings WhatsApp yín, ẹ tẹ Account, ẹ tan Two-step verification, ẹ yan PIN tí ẹ kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan èmi náà.

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kejì, aago mẹ́wàá àárọ̀, a ó jọ ṣe gbogbo èyí ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé. Ẹ gba iná sí fóònù yín dáadáa, ẹ mú ìwé NIN ọmọ àti ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí rẹ̀ dání. Wi-Fi ilé-ìwé la ó lò, ẹnikẹ́ni kò ní fi dátà rẹ̀ ṣe é. Àwọn ọmọ SS2 yóò jókòó ti àwọn òbí tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́ tàbí tí wọn kò ka Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá la ó sì fi ṣàlàyé. Ẹni tí ọjà kò ní jẹ́ kó wá lọ́jọ́ náà, kó rán ọmọ sí mi, mo wà ní ọ́fíìsì ní gbogbo ọ̀sán Wẹ́sìdé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Ọ̀gá Àgbà Ilé-ìwé.