Olóòtú, àtẹ̀jáde Coming to America kò rí bákan náà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú ìtọ́jú ojú ewé fíìmù tí ẹ ń fún wa. Mo ka lẹ́tà tí ọ̀gbẹ́ni kan kọ sí yín láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, níbi tó ti sọ pé ẹni tó bá tún ra fíìmù Coming to America lẹ́ẹ̀kejì, kìkì nítorí pé wọ́n kọ “àkànṣe àtẹ̀jáde” sí ara páálí rẹ̀, kàn fi owó ṣòfò ni, nítorí pé ìtàn kan náà ni, Eddie Murphy kan náà ni, ẹ̀rín kan náà ni. Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára, nítorí pé mo ti wo fíìmù yìí nínú kásẹ́ẹ̀tì, nínú VCD, nínú DVD àti nínú Blu-ray, irú àwo tó dé lẹ́yìn DVD, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun tí ojú mi rí nínú ọ̀kan kọ́ ni ó rí nínú èkejì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ kí n ṣàlàyé.

Àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì wò ó nìkan ni mo ń sọ èyí fún: ọdún 1988 ni fíìmù náà jáde, John Landis ni ó darí rẹ̀. Ọmọ ọba ilẹ̀ Áfíríkà kan tó ń jẹ́ Akeem, tí Eddie Murphy ṣe, kọ ìyàwó tí wọ́n tọ́ dàgbà fún un láàfin, ó sì gba ìlú New York lọ, ní àdúgbò Queens, láti wá obìnrin tí yóò fẹ́ràn òun láìmọ̀ pé ọmọ ọba ni òun. Ìlú tí wọ́n pè ní Zamunda kò sí láyé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọmọ ọba, ọ̀rọ̀ àna àti ọ̀rọ̀ ìyàwó tí òbí bá ni yàn kì í ṣe àjèjì ní Èkìtì, ìdí nìyẹn tí fíìmù náà fi wọ̀ wá lára tó bẹ́ẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1992, nígbà tí Adó-Èkìtì ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ilé kan tí wọ́n ti ń yáni ní fídíò wà nítòsí Ọjà Ọba, ibẹ̀ ni a ti máa ń yá kásẹ́ẹ̀tì náà, a ó sì pé jọ sí pálọ̀ ẹ̀gbọ́n mi nítorí pé òun ló ní ẹ̀rọ fídíò. Àdàkọ àdàkọ ni kásẹ́ẹ̀tì yẹn. Wọ́n dà á kọ láti ara kásẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ti da òun náà kọ láti ara òmíràn, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì da kásẹ́ẹ̀tì kọ báyìí ni àwòrán rẹ̀ máa ń ṣá sí i, tí ohùn rẹ̀ á sì máa há. Nígbà tí àwọn ọmọbìnrin bá ń da òdòdó sílẹ̀ kí ọmọ ọba lè gba orí rẹ̀ kọjá, èèpo òdòdó kọ́ ni à ń rí, bí ẹni pé wọ́n da epo pupa sílẹ̀ ni.

Ibi tó wá dùn mí jù ni ti ilé onígbàjámọ̀. Ẹni tó bá ti wo fíìmù náà yóò rántí ibẹ̀: àwọn àgbàlagbà tó ń jiyàn lórí ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, àti bàbá Júù kan tó ń jẹ́ Saul tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, tó ń dá sí ọ̀rọ̀ wọn. Mo fi orí mi búra fún ẹ̀gbọ́n mi pé òyìnbó gidi ni bàbá náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní ẹnì kan sọ fún òun pé Eddie Murphy ni, pé wọ́n kun ojú rẹ̀ ni. A jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sì sí ohun tí yóò là wá níjà, nítorí pé ẹni tó da kásẹ́ẹ̀tì náà kọ ti dá a dúró ní kété tí ìgbéyàwó ìparí tán. Ó gé orúkọ àwọn òṣèré àti ipa tí oníkálukú kó, ó sì gé àwàdà ọbẹ̀ tí Saul fúnra rẹ̀ ṣe lẹ́yìn gbogbo rẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún gbáko kọjá kí n tó mọ̀ pé àwàdà náà wà rárá.

Ìgbà tí sídì gbòde, mo rò pé ọ̀nà ti là. Mo ra èyí tí wọ́n kọ “àkànṣe” sí gàdàgbà gàdàgbà lọ́wọ́ ẹnì kan lọ́jà. Ìṣẹ́jú 117 ni fíìmù náà, bẹ́ẹ̀ ni àwo VCD kan kì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 lọ, àwo méjì ló sì yẹ kó gbà. Àwo kan ni wọ́n tà fún mi. Wọ́n ti yọ ibi tó pọ̀ kúrò láàárín rẹ̀, ọmọ ọba sì dé Queens kí a tó mọ ohun tó gbé e kúrò nílé. Bí irú àwo bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gbẹ́ni tó kọ̀wé láti Ìkẹ́rẹ́ rà, èmi náà á gbà pé ó fi owó ṣòfò, ṣùgbọ́n ayédèrú ni wọ́n tà fún un, kì í ṣe àkànṣe àtẹ̀jáde.

Èyí tí mo fẹ́ gbè lẹ́yìn gan-an ni àkànṣe àtẹ̀jáde DVD tí ilé iṣẹ́ Paramount gbé jáde ní ọdún 2007. Àbúrò mi obìnrin ló mú un bọ̀ fún mi láti Amẹ́ríkà ní ọdún 2008. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ̀rọ DVD mi kò gbà á wọlé, ó kàn ń kọ ọ́ sí wa lójú pé agbègbè rẹ̀ kò bá ti ẹ̀rọ mu. Ẹ jẹ́ kí n dúró níhìn-ín díẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni èyí ti ṣẹlẹ̀ sí, tí wọ́n sì rò pé àwo ti bàjẹ́. Àwọn tó ń ṣe DVD pín ayé sí agbègbè oníńọ́ńbà: Amẹ́ríkà wà ní agbègbè 1, Nàìjíríà wà ní agbègbè 5. Ti Blu-ray, lẹ́tà ni wọ́n lò. Amẹ́ríkà wà ní A, ilẹ̀ Áfíríkà wà ní B. Àwo tí wọ́n tì mọ́ agbègbè kan kò ní ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n tì mọ́ òmíràn, àfi kí ènìyàn wá ẹ̀rọ tó ń gba gbogbo agbègbè. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan ní Ìjìgbò ló bá mi wá irú rẹ̀, olówó pọ́ọ́kú sì ni.

Fíìmù náà pé pérépéré nínú àwo yìí, títí dé àwàdà ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n àfikún tí wọ́n ṣe sí i ni ó sọ ọ́ di àkànṣe: fíìmù kúkúrú kan lórí bí wọ́n ṣe ya eré náà, ọ̀kan lórí aṣọ, ọ̀kan lórí iṣẹ́ ìkunjú Rick Baker, ọ̀kan lórí Nile Rodgers tó ṣe orin rẹ̀, àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àtijọ́ kan tí Eddie Murphy àti Arsenio Hall, tó ṣe ọ̀rẹ́ ọmọ ọba, jọ jókòó ṣe. Nínú ti Rick Baker ni a ti rí i fún ara wa: bí wọ́n ṣe lẹ awọ mọ́ ojú Eddie Murphy tí imú rẹ̀ fi yí padà, tí ọ̀dọ́kùnrin dúdú fi di bàbá arúgbó òyìnbó. Baker yìí ti gba àmì ẹ̀yẹ fíìmù Oscar méje láyé rẹ̀, wọ́n sì yàn án mọ́ àwọn tó ń du Oscar ìkunjú nítorí fíìmù yìí gan-an. Mo gbé tẹlifóònù, mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jàre mi o.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní kí n mú àwo náà wá kí àwọn náà fojú ara wọn rí i.

Ìyàwó mi kò bìkítà fún Saul. Aránṣọ ni, orí aṣọ ni òun tẹjú mọ́. Deborah Nadoolman, ìyàwó John Landis, ni ó ṣètò aṣọ inú fíìmù náà, wọ́n sì yan òun náà fún Oscar. Ìyàwó mi dá àwòrán dúró níbi tí Ọba Jaffe Joffer, bàbá Akeem, ti da awọ kìnnìún kọ́ èjìká, ó sún mọ́ ojú tẹlifíṣọ̀n, ó ń fi ìka tọ ibi tí orí kìnnìún náà sùn lé àyà ọba, ó ní kí n wò bí wọ́n ṣe so ó tí kò fi wọ́ aṣọ ìsàlẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti ń wo fíìmù náà, kò sí ẹni tó rí ìdí okùn yẹn nínú ilé wa. Kásẹ́ẹ̀tì kò lè fi hàn wá, kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún wa bí wọ́n ṣe rò ó kí wọ́n tó rán an.

N kò sọ pé àtẹ̀jáde náà kò ní àléébù. Olùdarí kò bá wa sọ̀rọ̀ lórí fíìmù náà bó ṣe ń lọ, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ DVD ṣe máa ń ṣe, kò sì sí ibi kankan tí wọ́n ti fi ohun tí wọ́n yà tí wọn kò lò hàn wá. Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àwọn òṣèré méjèèjì náà kúrú jù, kò tíì dùn tán tó fi parí. Èyí dùn mí, pàápàá nísinsìnyí tí James Earl Jones tó ṣe ọba àti John Amos tó ṣe bàbá ìyàwó ti kú, àwọn méjèèjì ní ọdún 2024, tí Madge Sinclair tó ṣe ayaba sì ti kú láti ọdún 1995. Ohun tí wọn kò bi wọ́n nígbà náà, kò sí ẹni tí yóò tún rí wọn bi.

Ní ti àwọn tó jáde lẹ́yìn rẹ̀, Blu-ray mọ́ ju DVD lọ gan-an, nítorí pé ìlà 480 ni àwòrán DVD Amẹ́ríkà ní, tí ti Blu-ray jẹ́ 1,080. Èyí tí wọ́n ṣe ní 4K, irú tó tún mọ́ ju Blu-ray lásán lọ, tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2020 nínú páálí onírin, ní ìlà 2,160. Ẹni tó bá ní tẹlifíṣọ̀n ńlá, tó ní ẹ̀rọ tó lè gbé e, tí iná sì ń dúró nílé rẹ̀, kí ó rà á, ojú rẹ̀ yóò jẹun. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó rẹ̀ kò ju kó ra ọ̀kan lọ, tó sì ní ẹ̀rọ DVD lásán bíi ti ọ̀pọ̀ wa, DVD ọdún 2007 ni kó wá. Àwòrán tó mọ́ kò lè sọ fún un pé Eddie Murphy ni bàbá Júù yẹn. Àfikún ni yóò fi hàn án.

Mo mọ̀ pé àwọn ọmọ wa ń wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí, pàápàá láti ìgbà tí apá kejì ti jáde ní ọdún 2021, tí wọ́n rí Davido nínú rẹ̀, tí wọ́n sì wá pada sí apá àkọ́kọ́. Mo dunnú sí i. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì bá yọ ọ́ kúrò, ó ti yọ nìyẹn. Àwo tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi, èmi ni mo ni ín.

Mo bẹ̀ yín, Olóòtú, nígbà tí ẹ bá tún ń kọ̀wé lórí fíìmù tí wọ́n tún gbé jáde, ẹ máa sọ ohun tó wà nínú àwo fún wa: ṣé ó pé, kí ni àfikún rẹ̀, agbègbè wo ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ̀yin ọ̀gbẹ́ni tí ẹ kọ̀wé láti Ìkẹ́rẹ́, ọ̀nà Adó kò jìn sí yín. Kásẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kìn-ín-ní yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, ẹ̀rọ tó ń lò ó náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ wá lọ́jọ́ Sátidé tó bá rọ̀ yín lọ́rùn, ìyàwó mi yóò gún iyán, a ó kọ́kọ́ wo ilé onígbàjámọ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì, a ó sì wò ó nínú DVD, lẹ́yìn náà ẹ ó wá sọ fún mi bóyá fíìmù kan náà ni.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Adó-Èkìtì.