Jáàkì tí yóò gbé kámpà rẹ

Houston, Texas,
Ọjọ́ Àìkú.

Ìyá Tòmíwá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá wa ní Ìbàdàn ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Mo rí àwòrán kámpà tí o rà, mo sì gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kú oríire o! Ayọ̀ rẹ, ayọ̀ mi ni. Ilé àfọkọ̀fà náà á tù ọ́ lára, wàá fi ṣiṣẹ́ dé gbogbo ibi tó wù ọ́, a ò sì ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.

O bi mí bóyá jáàkì tó bá pikọ́ọ̀pù rẹ wá lè pààrọ̀ táyà kámpà, àbí kí o ra òmíràn. Ra òmíràn. Má kúrò ní Baltimore láì rà á. Iṣẹ́ òru mẹ́ta ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe tẹ̀léra, oorun wà lójú mi, ṣùgbọ́n mi ò lè fi ìdáhùn yìí dọ̀la nítorí ohun tí ojú mi rí lọ́dún tó kọjá. Mi ò sọ ọ́ tán fún ọ nígbà náà, torí mi ò fẹ́ kí o máa bẹ̀rù.

Oṣù keje ni. Mo ń lọ sí San Antonio fún iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ọ̀sẹ̀ 13. Mo ti kọjá Schulenburg lórí I-10, mo ń sún mọ́ Flatonia, ni mo gbọ́ gbòà lẹ́yìn. Kámpà mì, ó fẹ́ fa ọkọ̀ lọ sọ́tùn-ún. Mo wo dígí, mo rí rọ́bà tó ń fò káàkiri. Mi ò tẹ búrékì. Mo di ọwọ́ ọkọ̀ mú gírí, mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ohun tí à ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré, mo jẹ́ kí eré ọkọ̀ rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ títí mo fi bọ́ sí etí títì. Táyà ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ló bẹ́.

Mo gbé jáàkì pikọ́ọ̀pù jáde, mo fi sábẹ́ ṣásí kámpà (irin tí gbogbo ilé náà jókòó lé), mo ń yí i. Kámpà ń gòkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó bẹ́ kò kúrò nílẹ̀. Bí ṣásí ṣe ń lọ sókè ni sípíríìngì ń nà, tó ń sọ ẹsẹ̀ náà kalẹ̀. Jáàkì dé òpin rẹ̀, ríìmù ṣì jókòó sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ láti wò ó. Ìdí jáàkì ti rì sínú ọ̀dà etí títì tí oòrùn Texas ti mú rọ̀, ó ti gbẹ́ kòtò kékeré fún ara rẹ̀, ó sì ti ń dagẹrẹ. Ọwọ́ mi gbọ̀n nígbà tí mo rí i. Kíá ni mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Bàbá òyìnbó kan dúró láti ràn mí lọ́wọ́. Ó ní kí n lo ẹsẹ̀ irin tó wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kámpà, àwọn tí à ń sọ̀ kalẹ̀ tí a bá ti dé ibi tí a ó sùn. Ó jọ jáàkì lójú lóòótọ́. A fi dírìlì yí ọ̀kan. Ó gbé e díẹ̀, ó ké, ó tẹ̀. Títí dòní kò tọ́ mọ́. Kí ilẹ̀ kámpà má baà máa mì tí a bá ń rìn nínú rẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é, kò ní agbára àtigbé ilé sókè. Bẹ́ẹ̀ náà ni jáàkì tó wà níwájú, níbi tí a ti ń so kámpà mọ́ ọkọ̀: imú kámpà ni iṣẹ́ tirẹ̀, kò kan táyà. Bí ẹnikẹ́ni bá gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí o lò wọ́n, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, má ṣe é.

Ká ní Mọ́kọ́lá ni, fọ́kánáísà ì bá ti yọ sí mi lábẹ́ agboorun rẹ̀. Níbí, wákàtí mẹ́ta ni mo fi jókòó sínú ooru yẹn kí ẹni tí mo pè tó dé. Nígbà tó dé, kò tilẹ̀ mú jáàkì jáde. Ó kọ́kọ́ dẹ àwọn nọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ tó bẹ́ díẹ̀, kò yọ wọ́n, ó wá to pákó lé ara wọn bí àtẹ̀gùn síwájú ẹsẹ̀ kejì tó dára lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan náà, ó ní kí n fa kámpà síwájú díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ tó dára gun pákó, ẹsẹ̀ tó bẹ́ sì dìde kúrò nílẹ̀, ó ń yí gbẹ̀rẹ́gbẹ̀rẹ́ nínú afẹ́fẹ́. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi wọ táyà tuntun. Mo dúró síbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ la ojú rẹ̀.

Mo wo àwòrán rẹ dáadáa: ẹsẹ̀ méjì méjì ni tìrẹ náà ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí o rà ni irú àtẹ̀gùn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún iṣẹ́ yìí, tí ẹsẹ̀ kan máa ń gùn kí èkejì lè gòkè. Kò ní epo, kò ní ohun tó lè jò, kò sì béèrè agbára lọ́wọ́ obìnrin tó dá wà lójú títì. Ẹni tí kámpà rẹ̀ bá ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò lè lò ó.

Ṣùgbọ́n ra jáàkì náà mọ́ ọn. Bí táyà méjèèjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bá jò pọ̀ ńkọ́? Bí kò bá sí ààyè láti fa ọkọ̀ síwájú ńkọ́?

Kí o tó rà á, ṣe ohun tí à ń ṣe ní wọ́ọ̀dù. Ṣé a kì í wo ìwúwo aláìsàn àti iye tí ẹ̀rọ lè gbé kí a tó fi gbé e kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì? Lọ wo sítíkà tó wà lára kámpà lápá òsì níwájú. Ti tèmi kọ 6,800 pọ́ùn, ìyẹn ìwúwo tí kò gbọdọ̀ kọjá pẹ̀lú ẹrù. Nǹkan bíi 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ wà lórí ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì pín ìyókù. Ó lé díẹ̀ tàbí dín díẹ̀ ní 3,000 pọ́ùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Jáàkì tọ́ọ̀nù méjì, tó jẹ́ 4,000 pọ́ùn, gbé e lórí ìwé. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ibi tí ilé ìdáná àti táǹkì omi bá wà máa ń wúwo ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, gálọ̀nù omi kan ṣoṣo sì lé ní pọ́ùn mẹ́jọ. Tọ́ọ̀nù mẹ́fà ni mo rà, ọkàn mi sì balẹ̀.

Gíga rẹ̀ ló tún ṣe pàtàkì ju agbára lọ, òun sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò kì í wò. Má wọn kámpà nígbà tí táyà kún. Yọ afẹ́fẹ́ táyà kan kúrò pátápátá nínú ọgbà rẹ, kí o wá wọn láti ilẹ̀ dé ibi tí jáàkì máa fọwọ́ kàn. Tèmi jẹ́ 17 ínṣì lábẹ́ ṣásí. Ó sì gbọ́dọ̀ gòkè tó ínṣì mẹ́fà sí i, nítorí táyà tí a fẹ́ wọ̀ kún fún afẹ́fẹ́, ó ga ju èyí tí a yọ lọ. Jáàkì mi ga ní ínṣì mẹ́jọ àti ààbọ̀ nígbà tó bá wálẹ̀ tán, ó lè na ara rẹ̀ dé 16 àti ààbọ̀. Mo gé pákó nínípọn tí yóò gbé e ga ní ínṣì méje, mo sì jẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ fẹ̀ dáadáa kí ó má rì. Òun nìyẹn. Ìṣirò yìí ni jáàkì pikọ́ọ̀pù mi kò bá mu.

Irú tí mo rà ni bottle jack, kékeré tó dà bí ìgò, tó ń fi epo inú rẹ̀ gbé ẹrù bí o bá ń pọ́ǹpù rẹ̀. Ó fúyẹ́, ọwọ́ rẹ̀ gùn, o lè jókòó jìnnà díẹ̀ sí ọkọ̀ kí o máa pọ́ǹpù. Àbùkù rẹ̀ ni pé orí rẹ̀ kéré, ó lè yọ̀, nítorí náà gbé e dúró ṣánṣán. Má sì tẹ́ ẹ dùbúlẹ̀ nínú àpótí, epo rẹ̀ á jò. Èyí tó ń ká bí sísọ́ọ̀sì kì í jò, orí rẹ̀ sì gbòòrò, ṣùgbọ́n o máa kúnlẹ̀ yí i títí apá á fi ro ọ́. Èyí tó ní ẹsẹ̀ róbótó lábẹ́, tí mẹkáníìkì ń tì kiri, dára jùlọ lórí kọnkéré. Ti irin tọ́ọ̀nù mẹ́ta lè wúwo ju 70 pọ́ùn lọ, kò sì ní yí lórí òkúta wẹ́wẹ́. Èmi àti ìwọ pẹ̀lú ẹ̀yìn tí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti jẹ yìí? Jẹ́ kó wà ní ṣọ́ọ̀bù.

Má gbé jáàkì sábẹ́ ọ̀pá irin tó so ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ tòsì. Ó lè tẹ̀, bó bá sì tẹ̀ díẹ̀ péré, táyà á máa jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìwé ìlò tèmi ní abẹ́ ṣásí, nítòsí ibi tí sípíríìngì so mọ́. Ka ti tìrẹ.

Má tú kámpà kúrò lára ọkọ̀ o. Fa búrékì ọwọ́, fi igi há ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kejì níwájú àti lẹ́yìn, dẹ àwọn nọ́ọ̀tì díẹ̀, má yọ wọ́n, kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀. Ọwọ́, orí, ohunkóhun nínú ara rẹ kò gbọdọ̀ wọ abẹ́ kámpà nígbà tó wà lórí jáàkì. Mo bẹ̀ ọ́. Tí o bá wọ táyà tán, fi torque wrench, sípánà tó ń sọ bí nọ́ọ̀tì ṣe le tó, dì í dé iye tí ìwé sọ (tèmi wà láàárín 90 sí 120 foot-pound), kí o tún un dì lẹ́yìn máìlì 10, 25 àti 50.

Wo ọjọ́ orí táyà rẹ náà, níwọ̀n bí kámpà kì í ti í ṣe tuntun. Eyín táyà tèmi tó bẹ́ wà digbí, kò jẹ rárá, mo sì gbà pé ó dára. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú DOT rẹ̀, àmì tí wọ́n tẹ̀ sára rọ́bà táyà, ni 1216: ọ̀sẹ̀ kejìlá ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é. Ọdún ló pa á. Bí tìrẹ bá ti lé ní ọdún márùn-ún, pààrọ̀ wọn.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Sátidé tí o kò ní lọ síbi iṣẹ́ yìí, yọ ẹsẹ̀ kan fúnra rẹ, kí o sì dá a padà, kí o tó kó ẹrù wọ inú kámpà. Pè mí lórí fídíò nígbà tí ẹsẹ̀ náà bá ti wà lókè, kí n rí ibi tí o gbé jáàkì sí. Àago mẹ́wàá àárọ̀ lọ́dọ̀ rẹ, àago mẹ́sàn-án lọ́dọ̀ mi. Màá ti jí.

Bá mi kí àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Ìyá Dàmọ́lá.