Lẹ́tà sílé, sí Òṣogbo: ìdí tí ẹ̀kọ́ mi fi ń gba ọdún mẹ́rin

London,
Ọjọ́ Àìkú.

Bàbá mi àti Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ kí yín o. Ṣé dáadáa ni ẹ wà? Ṣé orúnkún Màmá ti ń fúyẹ́? Èmi wà dáadáa, òtútù nìkan ló ń bá mi jà. Bùnmi sọ fún mi pé Bàbá ń béèrè ohun tí mò ń kọ́ tó fi máa gba ọdún mẹ́rin, àti pé Màmá ń gbààwẹ̀ nítorí ẹnì kan sọ fún wọn pé bọ́ǹbù ni. Ọ̀rọ̀ náà ju ti orí fóònù lọ, ni mo ṣe jókòó kọ ọ́.

Màmá, kò sí bọ́ǹbù níbí: ẹ̀kọ́ nípa iná mànàmáná tí wọ́n ń fi agbára átọ́ọ̀mù (nuclear) mú wá ni mò ń kọ́. Ẹ rántí ìgbà tí mo jókòó sílé tí mò ń retí í-meèlì kí n tó lè béèrè fún físà? Ìwé kan tí wọ́n ń pè ní ATAS ni mò ń dúró dè. Ìjọba ibí ló máa ń fi yẹ àwa àlejò wò ká tó kọ́ irú iṣẹ́ yìí, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé ìmọ̀ rẹ̀ lọ fi ṣe ohun ìjà.

Orí irin kan tó ń jẹ́ zirconium ni mò ń ṣiṣẹ́ lé. Irin mìíràn, uranium, ló ń mú ooru wá nínú rìákítọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n ti ń rí ooru tí wọ́n fi ń mú iná wá. Wọ́n á ṣe é ní wóró kéékèèké, wọ́n á tò ó sínú ọ̀pá zirconium tó gùn tó mítà mẹ́rin, tí ara rẹ̀ kò nípọn tó mìlímítà kan. Omi ló máa ń yí ọ̀pá náà ká. Ẹ wò ó bí ewé tí ẹ fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín: bí ewé bá ya, ohun tó wà nínú rẹ̀ á dà sínú omi. Bí nǹkan bá ń lọ bó ṣe yẹ, kì í sábà ya. Ṣùgbọ́n tí omi bá gbẹ, tí ooru wá ń lọ sí 1,200°C, oru omi á máa jẹ irin náà, gáàsì hydrogen á sì máa jáde. Gáàsì yẹn ló bú gbàmù ní ilé iṣẹ́ iná Fukushima, ní Japan, lóṣù Kẹta 2011.

Nítorí náà mo máa ń gé ọ̀pá náà wẹ́wẹ́, màá kó o sínú ìléru, màá tú oru omi sí i. Èyí tó bá jáde tó ṣì dúdú, tó ń dán, agbára ṣì wà lára rẹ̀. Èyí tó bá ti funfun, tí ara rẹ̀ ń ṣí, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọ̀pá tèmi kò wọ rìákítọ̀ rí, kò ní ìtànṣán (radiation) tó lè pa ènìyàn lára kankan lára. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ń fọwọ́ kan èyí tó ní in máa ń fi báàjì kékeré kan há àyà tó ń ka iye tó bá wọn. Òfin ní kò gbọ́dọ̀ ju 20 millisievert (ohun tí wọ́n fi ń wọn ìtànṣán) lọ lọ́dún. Ẹni tó jókòó sílé rẹ̀ níbí pàápàá ń gba nǹkan bíi 2.7, láti inú ilẹ̀, ojú ọ̀run, oúnjẹ àti ilé ìwòsàn. Ẹ bá mi sọ fún Màmá Ṣadé pé èmi á ṣì bímọ.

Bàbá, ó kan yín wàyí. Kì í ṣe èmi nìkan ni wọ́n gbà. Ẹgbẹ́ kan ni wá tó tàn ká yunifásítì márùn-ún: Imperial tí mo wà ló ṣíwájú, Cambridge, Bristol, Bangor àti Open University sì tẹ̀ lé e. Èmi tí mò ń ṣe irin gbọ́dọ̀ lóye ẹni tó ń ṣírò bí neutron (èérún kékeré tó ń la uranium) ṣe ń rìn, àti ẹni tó ń ronú nípa ibi tí wọ́n máa sin ìdọ̀tí rẹ̀ sí. Ibẹ̀ gan-an ni ọdún ń lọ sí, kò sì dùn mí.

Ohun tó ń lé ìjọba wọn léré ni pé wọ́n ti jẹ́ kí iṣẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ọbabìnrin Elizabeth ṣí Calder Hall, ilé iṣẹ́ iná nuclear wọn, ní 1956, wọ́n ń kọ́ wọn lọ títí dé Sizewell B ní 1995, wọ́n bá dáwọ́ dúró. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kọ́ ń darúgbó, wọ́n ń fẹ̀yìntì, kò sì sí ọ̀dọ́ tó pọ̀ tó lẹ́yìn wọn. Imperial pàápàá ní rìákítọ̀ kékeré ní Ascot láti 1965. Wọ́n pa á ní 2012. Ní báyìí tí wọ́n tún ń kọ́ ilé iṣẹ́ iná tuntun, Hinkley Point C, wọ́n ń sanwó kí àwọn ọmọ bíi tèmi lè kọ́ ohun tí àwọn àgbà wọn ń gbé lọ. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí: nígbà tí ẹ fi Control Centre tí wọ́n ti ń darí iná Nàìjíríà sílẹ̀, ta ni wọ́n ní kó jókòó tì yín kọ́ iṣẹ́ yín?

Rìákítọ̀ méjì ni Hinkley yẹn, wọ́n á mú nǹkan bíi 3,200 mẹ́gáwáàtì wá. Lọ́jọ́ tó dára, 4,000 sí 5,000 ni gbogbo Nàìjíríà ń pín. Mo ti gbọ́ èsì yín kí ẹ tó sọ ọ́: bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣàdédé kú lórí grid tiwa (wáyà tó ń pín iná ká orílẹ̀-èdè), gbogbo rẹ̀ ló máa wó. Òótọ́ ni. Nítorí ẹ ni ojú mi fi wà lára àwọn rìákítọ̀ kéékèèké tí wọ́n ń yàwòrán rẹ̀ báyìí. A ṣáà ti ní ìpìlẹ̀ nílé: CERD, ilé ìwádìí nípa agbára, wà ní Ifẹ̀, rìákítọ̀ kékeré kan tó jẹ́ nǹkan bíi 30 kìlówáàtì sì wà ní Zaria láti 2004. Kò lè tan gílóòbù àdúgbò kan, ẹ̀kọ́ àti ìwádìí ni wọ́n ń fi í ṣe. Ní 2018 wọ́n yọ uranium tó ṣeé fi ṣe bọ́ǹbù kúrò nínú rẹ̀, wọ́n fi èyí tí kò ṣeé ṣe é rọ́pò. (Màmá, ẹ ka ibí yìí lẹ́ẹ̀kan sí i.) Tí mo bá parí, Ifẹ̀ ni màá kọ́kọ́ kọ̀wé sí. N kò ṣèlérí o, mo kàn ń sọ èrò ọkàn mi ni.

Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé ní kí n fi í sílẹ̀ kí n lọ máa ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, pé owó wà níbẹ̀. Owó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń fún ní owó ẹ̀kọ́ yìí, àwa àlejò kò gbọ́dọ̀ ju ọgbọ̀n lọ. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé n kò ní jọ̀wọ́ àyè yẹn.

Owó bátìrì ínfátà ti wà lọ́wọ́ Bùnmi. Kí Bàbá fúnra wọn bá a lọ rà á, kí wọ́n má baà ta ayédèrú fún un. Ẹni tó ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, ẹ fún un ní ẹ̀lùbọ́ àti irú díẹ̀, kí ẹ wé irú náà dáadáa.

Èmi ni ọmọ yín,
Táyọ̀