Mọ́ríámọ̀, a ṣì wà nílé

Adéwọlé, Ìlọrin,
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Mọ́ríámọ̀ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù Winnipeg kò tíì jẹ etí ẹ tán? Ilé ìdáná ni mo jókòó sí tí mo ń tẹ èyí, torí mi ò lè fi ohùn ránṣẹ́. Injíníà ọkọ mi wà ní pálọ̀, o sì mọ bí ògiri ilé yìí ṣe rí: bí èèyàn bá sín ní yàrá, aládùúgbò ló máa kí i pẹ̀lẹ́.

Alàájì onílé tún wá láàárọ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé lóṣù yìí. Owó ilé pé lóṣù tó ń bọ̀, ọdún kan gbáko ló sì ń gbà, kò fẹ́ gbọ́ oṣù mẹ́fà sétí. Ẹ̀bi mi ni ṣá. Ta ló rán mi níṣẹ́ tí mo sọ fún un lọ́dún tó kọjá pé ọyẹ́ kò ní bá wa nílé? Ọyẹ́ dé, ó fẹ́ títí, ó lọ. Máńgòrò ti ń pọ́n báyìí. Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Ìyàwó, àbí wọ́n ti gbé Kánádà lọ síbòmíràn ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni ǹ bá ṣe? Tí a bá san án, tí ìwé Kánádà wá jáde lọ́sẹ̀ kejì, owó ọdún kan wọgbó nìyẹn. Tí a ò bá san án, tí ìwé ò jáde, ilé màmá Injíníà ní Pakata la máa kẹ́rù lọ, ìwọ náà mọ̀ pé mi ò lè lò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ níbẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni pé owó wà. Ó wà ní báńkì, ó jókòó, ó ń wò wá. Owó tí a tà mọ́tò kó tó pé, èyí tí wọ́n ní ká fi hàn pé a ó fi jẹun tí a bá débẹ̀. Wọ́n lè tún ní ká fi hàn lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fún wa ní físà. Dọ́là tiwọn ni wọ́n sì fi ń kà á, bí náírà bá ti yọ̀ ṣubú, àwa la máa wá èyí tó dín. Èmi rèé, kẹ̀kẹ́ Màrúwà ni mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, olówó ni mí ní báńkì.

Oṣù mẹ́fà ni wọ́n kọ síbẹ̀ fún Express Entry, ọ̀nà oníṣẹ́ tí a gbà kọ̀wé yìí, o rántí bí a ṣe kà á lórí ìka. Injíníà wá ṣàlàyé pé nínú fáìlì 100, 80 ni wọ́n fẹ́ máa parí láàárín oṣù mẹ́fà yẹn. Mo ní ó dáa, a ti rí ara wa nínú 20. A ti wọ oṣù kẹsàn-án tí a ti fi ìwé sílẹ̀. Kó tó kí Àsùbáà, Injíníà á ṣí fáìlì wa wò. Kó tó sùn, á ṣí i wò. Ohun kan náà ló ń bá níbẹ̀, pé wọ́n ṣì ń yẹ̀ wá wò. Kí ni wọ́n ń wò tí ò tán? Àní kí wọ́n tó pè wá rárá, o mọ ọjọ́ tó pé ọdún 33, nínú máàkì tí wọ́n fi ń yan èèyàn, ti ọjọ́ orí rẹ̀ já láti 85 sí 80. Mo ti ṣe mọ́sà sílẹ̀ fún un lọ́jọ́ náà. Kò fọwọ́ kàn án. Èmi àti Sùlé la jẹ ẹ́ tán.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó lọ gẹrun, bàbá kan níbẹ̀ bá ní kí òun pìtàn. Ó ní lọ́dún 2012, Kánádà pa ọ̀pọ̀ fáìlì àwọn tó gba ọ̀nà iṣẹ́ bíi tiwa, àwọn tó ti kọ̀wé ṣáájú 27 oṣù kejì 2008, wọ́n dá owó wọn padà fún wọn. Ẹni tó ti dúró fún ọdún mẹ́rin ó lé! Òótọ́ ni o, mo wò ó. Ṣùgbọ́n ta ní ń sọ irú ìyẹn fún ẹni tí abẹ wà lórí?

Kàfáyá ti bí obìnrin, ìyá oníwàrà ti kúrò níwájú géètì, ilé-kéwú wa ti ní òrùlé tuntun, Ọ̀gá Búlúù ti fẹ́ ìyàwó kejì (má rẹ́rìn-ín).

Ó dáa. Mọ́ríámọ̀, mi ò rí nǹkan oṣù mi. Ó ti di ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì, ní ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí. Injíníà ò tíì gbọ́. Ìwọ lo sùn tì mí ní ọsibítù nígbà yẹn, o mọ ìdí. Kó kọjá oṣù mẹ́ta ná.

Àyẹ̀wò ara tí a lọ ṣe l'Ékòó, oṣù méjìlá péré ló ń lò, oṣù mẹ́ta ló kù. Tí wọ́n bá ní ká tún un ṣe, X-ray àyà wà níbẹ̀. Mo gbọ́ pé wọ́n máa ń gbà kí aláboyún dúró di ìgbà tó bá bímọ kó tó ya tiẹ̀. Ìdádúró míì nìyẹn. Tí ọmọ bá sì dé ká tó wọ bàálù, Àláhù jẹ́ ó dé, dandan ni ká fi orúkọ rẹ̀ kún ìwé, kò ṣeé fi pamọ́.

Jọ̀ọ́, bá mi bi obìnrin tó ṣe ìwé yín: tí a bá sọ fún wọn báyìí, ṣé fáìlì á padà sẹ́yìn? Àbí kí n ní sùúrù? Má dárúkọ mi. Má sọ fún ọkọ ẹ pàápàá, òun àti Injíníà kì í pa nǹkan mọ́ra fún ara wọn, wọ́n á ní bọ́ọ̀lù làwọn ń sọ.

Tí o bá gbọ́ èsì, má pè, má fi ohùn ránṣẹ́. Tí kò bá da nǹkan rú, kọ ọ́ pé ẹ̀lùbọ́ dé láyọ̀. Tó bá ń dà á rú, kọ ọ́ pé kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Màá mọ ohun tí màá sọ fún Alàájì.

Injíníà ń pariwo orúkọ mi láti pálọ̀. Dúró ná.

Mo ti dé. Dátà ló tán.

Èmi ni,
Sídí ẹ.