Ẹ bá wa kọ́ àwọn ọmọ mẹkáníìkì ní scanner

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Apo l'Abuja níbí ń ká mi lára gan-an. Wọ́n mọ ẹ́ńjìnnì tú, ìyẹn ò ṣeé jiyàn, ṣùgbọ́n mọ́tò ti yí padà, láti 1996 ni gbogbo ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ti ní ihò OBD-II lábẹ́ dáṣíbọọ̀dù tí wọ́n máa ń ki scanner, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe inú ọkọ̀ jáde, bọ̀, àwọn yẹn náà sì pọ̀ nínú tókúnbọ̀ tá à ń gùn. Kóòdù tí scanner bá gbé wá kì í sọ pé pààtì báyìí ló bàjẹ́ o, ibi tó yẹ ká yẹ̀ wò ló ń tọ́ka sí. Kóòdù P0171, tó ń sọ pé afẹ́fẹ́ pọ̀ jù fún epo nínú ẹ́ńjìnnì, lè jẹ́ rọ́bà tó ti lu tó ń fa afẹ́fẹ́, ó sì lè jẹ́ pọ́ǹpù epo tó ti rẹ̀. Ọmọ tí ò mọ èyí á kàn máa pààrọ̀ sensọ́ ṣáá, owó olówó ló ń jó yẹn. Ti hybrid, ìyẹn ọkọ̀ tó ń lo epo àti bátìrì ńlá pọ̀, tiẹ̀ ń bà mí lẹ́rù, torí iná inú wáyà aláwọ̀ ọsàn yẹn lè pa èèyàn.

Kí NADDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ mọ́tò, àti ìjọba FCT gbé kíláàsì ìrọ̀lẹ́ wá sínú Apo fúnra ẹ̀, kẹ́yin ọ̀gá mẹkáníìkì náà má ṣe fírídọ̀ọ̀mù fọ́mọ tí ò tíì mọ scanner lò.

Òǹkàwé yín,
Gwagwalada